Géètì Tí Mo Tì Mọ́ Ìyá Mi

Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún mi pé mo tọ́jú ìyá mi, ìjà ló ń wá. Wọ́n ń sọ ọ́ níbi iṣẹ́ mi ní Òṣogbo, wọ́n ń sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí. Aládùúgbò tí a kì í bára wa sọ ju "ẹ kú àárọ̀" lọ náà ń sọ ọ́ lórí fẹ́ǹsì: "Ẹ kú ìtọ́jú màmá o. Ẹ mú wọn kúrò nínú ìyà." Ìyà wo? Èmi ni mo mọ ìyà tí mo fi jẹ ìyá mi nínú ilé tí mo kọ́, inú sì ń bí mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Agbo ilé wa wà láàárín Ìwó àtijọ́, níbi tí ògiri ilé kan ti fẹ̀yìn ti ti èkejì. Yàrá ìyá mi ni àkọ́kọ́ téèyàn máa kàn tó bá ti wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ gbogbo ni wọ́n máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n á máa bó ẹ̀gúsí sínú àwo kan. Ẹni tó ń lọ sóko lọ́nà Kuta á kí wọn, ẹni tó ń bọ̀ láti Ilé-Ogbó á kí wọn, àwọn ọmọ kéú á kúnlẹ̀ kí wọn kí kéú tó bẹ̀rẹ̀. Èmi ò ka èyí sí nǹkan kan. Lójú tèmi, arúgbó kan ló jókòó sínú eruku, tí ewúrẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ní ọdún tí mo parí ilé mi lọ́nà Òṣogbo, ìjì ká páànù orí yàrá náà. Ọjọ́ kẹta ni mo tó gbọ́. Nígbà tí mo débẹ̀, ọ̀rá ni wọ́n ta bo òrùlé, wọ́n fi òkúta mẹ́rin tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo bú wọn. Mo ní ilé tí ọkùnrin tó lè gun àkàbà pọ̀ sí báyìí, ẹ ò rí ẹni tó máa kan ìṣó mọ́ páànù! Àwọn àgbàlagbà ń wò mí. N ò dúró gba àlàyé. Mo ní kí ìyá mi dìde, kí a máa lọ.

Wọ́n ní, "Ṣé kí n kọ́kọ́ sọ fún àwọn ará ilé?"

Mo ní, "Ẹ óò sọ fún wọn lórí fóònù."

Ìyàwó àbúrò bàbá mi bá wa gbé àpótí sínú ọkọ̀. Ìyá yẹn ló tẹ̀ lé ìyá mi nínú àwọn ìyàwó ilé. Wọ́n ti bí mi kí wọ́n tó gbé e wọlé, nítorí náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè bí mi lọ́mọ, ọkọ ló ń pè mí, kò sì yé kúnlẹ̀ fún mi láti ìgbà tí mo ti wà ní pátá. Ó ní, "Ọkọ mi, ìgbà wo lẹ máa dá wọn padà?" Mo ní ìyá mi kì í ṣe ẹrù tí mo yá. Mo ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, mo sì lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ìyá mi ni Ìyá Ilé. Òun ló pẹ́ jù nínú gbogbo obìnrin tí wọ́n gbé wọ agbo ilé wa tó ṣì wà láàyè. Bí wọ́n bá mú ìyàwó tuntun dé, kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ kan ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí Ìyá Ilé á fi bu omi tútù nínú igbá, tí á fi fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọjọ́ tí omi bá kan ẹsẹ̀ obìnrin ni wọ́n ti ń ka ipò rẹ̀ nínú ilé, kì í ṣe ọjọ́ orí. Ẹni tó bá sì kó ẹrù rẹ̀ jáde, ó ti fi ipò sílẹ̀ nìyẹn. Mo mọ gbogbo èyí o! Ojú mi ni wọ́n ti máa ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ obìnrin ni mo kà á sí, ohun tí ọkùnrin kì í gbé sọ́kàn. Mo rò pé inú yàrá tó ń jò ni mo ti yọ ìyá mi. Orí oyè ni mo ti gbé wọn sọ̀ kalẹ̀.

Ilé tuntun náà dára, n ò ní parọ́. Omi ń yọ nínú ẹ̀rọ, fáànù ń yí, bẹ́ẹ̀dì ga débi pé mo ní láti ra àpótí kékeré tí wọ́n á fi gùn ún. Èmi á ti lọ sí Òṣogbo láàárọ̀, ìyàwó mi á ti lọ síléèwé tó ti ń kọ́ni, ìyá mi á wá gbé àwo ẹ̀gúsí wọn jókòó sí ìta, wọ́n á kọjú sí fẹ́ǹsì. Ìyàwó mi dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbọ́ tí wọ́n ń dá ẹnì kan lóhùn: "Ẹ ǹ lẹ́ o, àwọn ilé ńkọ́?" Ẹni tó wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì, orí fóònù ló ti ń sọ̀rọ̀. Kò mọ̀ pé ẹnì kankan wà níbẹ̀.

Ìyàwó mi sọ ọ́ fún mi pẹ̀lú omi lójú. Mo ní ó máa mọ́ wọn lára.

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni ìyá mi ń bi mí pé, "Ìgbà wo ni mò ń lọ sílé?" Màá ní, "Màmá, ilé rèé." Wọ́n á ní, "Mo mọ̀. Ilé rẹ ni." Èsì yẹn máa ń mú mi bínú ju èébú lọ.

Níbẹ̀rẹ̀, àwọn obìnrin agbo ilé máa ń wá. Mẹ́ta lónìí, márùn-ún lọ́la, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹjọ́ tirẹ̀: ẹni tí orogún rẹ̀ gba ìdí ààrò rẹ̀, ẹni tí ọmọ ọkọ rẹ̀ rí i tí kò kí i. Ìyá mi á dá ẹjọ́, ara wọn á yá gágá, ohùn wọn á gba gbogbo pálọ̀. Èmi ò rí ara tó yá. Ohun tí dókítà sọ ni mò ń rò, pé ẹ̀jẹ̀ wọn ga, kí wọ́n máa sinmi. Ẹsẹ̀ eléruku lórí táìlì mi náà sì wà níbẹ̀, kí n má purọ́ mọ́ dókítà nìkan. Mo ra àgádágodo sí géètì. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ rí màmá, kó wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè tí èmi fúnra mi bá wà nílé.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, mo ń yí ọkọ̀ jáde, mo ti pẹ́, ni ọ̀kadà kan já ìyàwó àbúrò bàbá mi yìí sẹ́nu géètì. Ó mú nǹkan kan dání tó fi aṣọ funfun wé. Mo rò pé oúnjẹ ni. Ó kúnlẹ̀ sórí yangí níwájú ọkọ̀ mi.

"Ọkọ mi, ẹ kú òwúrọ̀. Ẹ bá mi ṣílẹ̀kùn, mo fẹ́ rí ìyálé mi."

Mo ní, "Wọ́n ń sinmi. Ẹ padà wá ní Sọ́ńdè."

"Ọ̀rọ̀ yìí ò lè dúró di Sọ́ńdè."

"Kò sí ọ̀rọ̀ tí kò lè dúró. Dókítà ló ní kí wọ́n sinmi."

Ó dìde, ó gbọn eékún, ó ní, "Ó dáa. A ti wá o." Mo ti géètì, mo sì wakọ̀ lọ. Kí n tó dé Òṣogbo, mo ti gbàgbé ẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, ìyá mi ò sùn padà lẹ́yìn ìrun àsùbá. Wọ́n wẹ̀, wọ́n wọ ìró àti bùbá àdìrẹ tuntun, wọ́n we gèlè, wọ́n fi ìborùn léjìká, wọ́n wá jókòó sí pálọ̀ tí wọ́n dojú kọ géètì. Mo bi wọ́n pé níbo lẹ ń lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi. "Wọ́n ń gbé ìyàwó láti Olúpọ̀nnà wọ ilé wa lónìí. Láti kí n tó kúrò ni wọ́n ti dá ọjọ́. Wọ́n á wá mú mi."

Aago mẹ́wàá lù. Ọ̀sán pọ́n. Ìyàwó mi gbé oúnjẹ wá, wọ́n ní àwọn máa jẹ tí àwọn bá débẹ̀. Ọ̀kadà tó bá kọjá, wọ́n á na ọrùn. Nígbà tí wọ́n kírun ìrọ́lẹ́ tán tí ẹnì kankan ò yọjú, n ò lè fara dà á mọ́. Mo gbé ọkọ̀, mo sáré lọ sí agbo ilé bí ẹni tí iná ń jó nílé.

Ìyàwó tuntun ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà, ó ká ìró sókè. Omi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dà lé e lẹ́sẹ̀. Ìyàwó àbúrò bàbá mi ló mú igbá dání. Mo pariwo láàárín èrò pé, "Ṣé ẹ ti sin ìyá mi ni? Àbí wọ́n ti kú tí ẹ ò sọ fún mi?"

Ìyá yẹn rọra gbé igbá kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ fún mi bó ṣe máa ń ṣe. Ó ní, "Ọkọ mi, mo mú igbá yìí wá fún wọn ní Ọjọ́bọ̀ kí ipò wọn má bàa bọ́. Ẹnu géètì yín ni mo kúnlẹ̀ sí. Ẹ̀yin lẹ ní kí n padà wá ní Sọ́ńdè. Ìyàwó ò lè dúró lójú títì di Sọ́ńdè."

Ẹnì kan ò bú mi. Bí wọ́n bú mi, ì bá sàn.

Nígbà tí mo délé, ìyá mi ṣì jókòó pẹ̀lú gèlè lórí. Wọ́n bi mí pé kí ló dé. Kí n sọ òtítọ́, ẹnu mi ò gbà á. Mo ní, "Wọ́n ní àwọn ò rí ẹni rán." Ìyá mi tún un sọ wẹ́rẹ́, "Wọn ò rí ẹni rán." Wọ́n tú gèlè, wọ́n ká a dáadáa, wọ́n sì wọ yàrá.

Láti ọjọ́ yẹn, wọn ò bi mí mọ́ pé ìgbà wo ni àwọn ń lọ sílé. Ọlọ́run má bínú sí mi, ọkàn mi kọ́kọ́ balẹ̀. Àwo ẹ̀gúsí wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Oúnjẹ tí wọ́n bá fi ìka tọ́ wò, ó tán nìyẹn. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, agbo ilé pè mí lórí fóònù pé àwọn fẹ́ gbọ́ ohùn wọn. Mo na fóònù sí ìyá mi. Wọn ò gbà á. Wọ́n ní, "Sọ fún wọn pé mo ń sinmi."

Ọ̀rọ̀ tí mo fi dá ìyàwó àbúrò bàbá mi padà lẹ́nu géètì ni. Mi ò lè sùn dáadáa fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tí a kírun Jímọ̀ dé, mo kúnlẹ̀ sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, mo jẹ́wọ́: igbá, yangí, Sọ́ńdè, gbogbo ẹ̀.

N ò rí ìbínú ìyá mi rí láti kékeré, àfi irú èyí tí wọ́n fi ń bá ọmọdé wí. Ti àgbà ni mo rí lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n dìde dúró láìfi ọwọ́ ti nǹkan kan. "Bàbá rẹ fẹ́ ìyàwó méjì lé mi. A jà, a rí ara wa fín. Kò lé mi kúrò nílé rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ìwọ, ọmọ tí mo bí, ìwọ lo lé mi kúrò nílé ọkọ mi. O tún wá jẹ́ kí n máa bá ẹni tí kò ṣẹ̀ mí bínú!" Mo ní kí wọ́n má bínú. Wọ́n ní kí n gbé àpótí.

Ìyàwó mi ti pè wọ́n lórí fóònù, gbogbo àwọn obìnrin ti dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí a dé. Inú mi ń dùn pé wọ́n wá pàdé Ìyá Ilé. Ìyàwó àbúrò bàbá mi yọ síwájú, igbá wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi wà nínú ẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá mi, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ní, "Ẹ bá mi dúró níbẹ̀. Ẹni tó kó ẹrù lọ tó tún kó ẹrù dé, omi ló ń tẹ̀ wọlé."

Nígbà tí ó yé mi, mo yarí. Ká fọ ẹsẹ̀ ìyá mi bí ìyàwó tuntun! Ká kà wọ́n sẹ́yìn ọmọ Olúpọ̀nnà tí kò ju àkọ́bí mi lọ! Mo ní, "Ta ló fọ ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú yín? Ṣebí àwọn náà ni!" Ìyá mi yíjú sí mi.

"Dákẹ́. Ṣé ilé ọkọ tìrẹ ni?"

Wọ́n bọ́ bàtà. Wọ́n ká ìró sókè, wọ́n na ẹsẹ̀ ọ̀tún, lẹ́yìn náà tòsì. Omi náà tutù, mo rí bí ara wọn ṣe gbọ̀n. Ọmọ Olúpọ̀nnà sáré wá gba ẹrù. Ìyá mi tẹ eékún díẹ̀ sí i, wọ́n ní, "Ìyálé mi, ẹ kúulé o." Ọmọ yẹn ju ẹrù sílẹ̀, ó fi àyà balẹ̀, ó ń kígbe "yéè, màmá, ẹ má pa mí o!" Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó mì wọ́n lórí, tó mì wọ́n lára. N ò gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu wọn rí nínú ilé mi. Èmi nìkan ni mi ò rẹ́rìn-ín.

Páànù yàrá náà, èmi ni mo gun orí ilé tí mo kàn án. Ìyá mi jókòó sísàlẹ̀, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí, wọ́n ń dá àwọn èrò oko lóhùn. Igbá ò tíì padà sọ́wọ́ wọn, n ò sì mọ̀ bóyá ó máa padà. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, mo fọwọ́, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Màmá, mo fẹ́ máa lọ. Ìgbà wo ni kí n tún wá?"

Wọn ò gbójú sókè nínú àwo.

"Sọ́ńdè," ni wọ́n wí.