Bí Wọ́n Ṣe Pín Irinṣẹ́ Ẹ̀gbọ́n Mi

Bí a bá pín aṣọ olóògbé, aṣọ ni yóò ṣì jẹ́ lọ́rùn ẹni tí ó bá kàn. Bí a bá pín irinṣẹ́ rẹ̀, irin lásán ni gbogbo rẹ̀ yóò dà. Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn àgbà ìdílé wa lójú ara wọn, mo sì tún ń sọ ọ́ níhìn-ín, nítorí pé inú tí ó bí mi lọ́jọ́ náà kò tíì rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi, ni olóògbé náà. Abúlé wa ni ó ti kọ́ bí a ti ń tún kẹ̀kẹ́ àti ìbọn ọdẹ ṣe, kí ó tó wá ṣí ṣọ́ọ̀bù sẹ́bàá ọ̀nà ní Ojoo, níbi tí ọkọ̀ àwọn ará oko ti ń já èrò. Ẹ̀rọ tí ń lọ ẹ̀gẹ́ ni olórí iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ará Bódìjà a máa ránṣẹ́ pè é nítorí ẹ̀rọ omi, fáànù àti kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn tí ó há. Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn tí páàtì ẹ̀rọ ṣọ̀wọ́n ní Dùgbẹ̀, irin ọkọ̀ tí ó ti kú ni ó máa ń fi fáìlì rẹ́ títí yóò fi di ohun tí ó ń wá.

Kò dá a ṣe. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n jọ ń ṣe é. Ìyàwó yìí bá mi nílé nígbà tí wọ́n gbé e wá, nítorí náà kò pe orúkọ mi rí. Akọ̀wé ni ó ń pè mí, torí pé mo ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ní Agbówó lẹ́yìn iṣẹ́. Nígbà tí ojú ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, òun ni ó gba fáìlì lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi a jókòó tì í, a fi àtàǹpàkò wá ojú irin náà, a ní:

"Ó ku díẹ̀."

"Bí ó bá ku díẹ̀, ẹ bọ́ síbí kí ẹ wá rẹ́ ẹ."

Àwọn oníbàárà kan a máa ráhùn pé ẹ̀gbọ́n mi ni àwọn gbé ẹ̀rọ wá fún, kì í ṣe obìnrin. Ẹ̀gbọ́n mi a ní, "Ọwọ́ mi ni ẹ ń wò yẹn."

Àìsàn àyà ni ó pa á. Lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí a gbọ́ pé àwọn àgbà ń bọ̀ wá pín ogún, ìyàwó náà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Akọ̀wé, n kò fẹ́ aṣọ, n kò fẹ́ ilẹ̀. Kí wọ́n ṣáà fi àwọn irin yẹn sílẹ̀ fún mi, n ó máa bá iṣẹ́ lọ."

Ní ilé wa, ìyàwó kì í jogún ọkọ, ẹ̀gbọ́n mi kò sì ní ọmọ. Àbúrò bàbá wa, tí í ṣe olórí ẹbí, ní kí wọ́n da gbogbo irinṣẹ́ sórí ẹní níwájú ṣọ́ọ̀bù. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, iṣẹ́ ni ìwọ̀nyí, wọn kì í ṣe ẹrù. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò nínú wa. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wà pa pọ̀ lọ́wọ́ ìyàwó wa."

Ìbátan wa kan tí ó ń ta aṣọ ní Ṣàngó ni ó dá mi lóhùn. "Ṣebí ogún ni ìyàwó náà fúnra rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ sípánà, kí ó jẹ́ kí á ṣú u lópó. Ẹni tí ó bá ṣú u ni yóò kó sípánà fún un."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Olórí ẹbí náà rẹ́rìn-ín. Ẹnu ọ̀nà ni obìnrin náà dúró sí, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọkọ mi," ni ó wí, ó sì wọlé lọ.

Wọ́n pín in. Olórí ẹbí kó gbogbo sípánà lọ sí abúlé. Òòlù àti fáìlì kàn mí, mo sì gbé wọn fún ìyàwó náà lójú gbogbo wọn.

"O kàwé kàwé, o wá ń fi ogún ilé ta àlejò lọ́rẹ," ni olórí ẹbí wí.

Àlejò. Obìnrin tí ó fi ojú tirẹ̀ ṣe ojú ọmọ wọn, òun ni wọ́n ń pè ní àlejò.

Fáìsì, irin ńlá tí ń di nǹkan mú fún oníṣẹ́, ni ó kan aláṣọ Ṣàngó. Nọ́ọ̀tì ni ẹ̀gbọ́n mi fi dè é mọ́ kùkùté igi, sípánà tí ó lè tú u sì ti wà ní abúlé. Ọkùnrin náà kò lè ní sùúrù kí wọ́n ránṣẹ́. Ó háyà àwọn géńdé kan, wọ́n ń fi òòlù lu irin náà títí ó fi sán sí méjì. Ìdajì ni ó gbé lọ. Títí di òní n kò mọ ohun tí ó fi ìdajì fáìsì ṣe láàárín aṣọ.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ abúlé wa kọṣẹ́. Olórí ẹbí fúnra rẹ̀ ni ó gbé e wá sí Ojoo; mo wà níbẹ̀.

"Ìyàwó wa, bá wa wò ó."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yí i, ó tẹ́tí sí i. "Irin àárín rẹ̀ ni ó jẹ, Bàbá. Ó ṣeé ṣe."

"Ṣe é, nígbà náà."

"Kí ni kí n fi tú u? Eyín mi?"

Gbogbo sípánà yẹn wà lábẹ́ ibùsùn olórí ẹbí. Ọ̀rọ̀ kan láti ẹnu rẹ̀ ti tó láti dá wọn padà. Ó ní òun yóò wá oníṣẹ́ mìíràn, ó sì ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà padà sínú ọkọ̀.

Kò pẹ́ tí obìnrin náà di ẹrù rẹ̀ láti padà sí ilé bàbá rẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Èmi ni mo sìn ín dé ibùdókọ̀, mo sì bá a gbé àpò rẹ̀ sókè. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti jókòó sí ìpàdé ẹbí wa, n kò sì ní jókòó síbẹ̀ títí ẹnìkan nínú wọn yóò fi gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ lọ bẹ̀ ẹ́.