Afárá Orí Odò Abúlé Ọkọ Mi

Ohùn odò náà ni mo kọ́kọ́ mọ̀ ní abúlé ọkọ mi, kí n tó dá ojú àwọn ará ilé mọ̀ dáadáa. Ọ̀fà ni wọ́n ti bí mi, nítòsí títì tí kẹ̀kẹ́ àti ọ̀kadà kì í sinmi, níbi tó jẹ́ pé tí orí bá ń fọ́ ẹ, wàá kàn sọdá lọ ra oògùn ni. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́ télọ̀. Ibẹ̀ náà ni àgbẹ̀ kan láti apá Ojoku ti wá rán ṣòkòtò lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, tó ń wá, tó ń wá, títí tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù fi mọ̀ pé kì í ṣe ṣòkòtò ló ń wá mọ́. Nígbà tí mo máa tẹ̀ lé e lọ sílé, a di máṣíìnì mi mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà, mo sì fi dá àwọn ọ̀rẹ́ mi lójú pé kò jìnnà rárá, gbogbo ọjọ́ ọjà ni wọn yóò máa rí mi. Ẹ̀ẹ̀rùn ni nígbà náà. Odò tó wà láàárín abúlé àti títì kò ju kéèyàn ká ìró sókè díẹ̀ lọ. Mo tiẹ̀ rò pé odò náà rẹwà.

Òjò dé, ó kún. Omi pupa ń ru, ó ń gbé igi lọ, ọ̀kadà kankan ò sì lè kọjá. Àwọn olùkọ́ tó ń wá láti Ọ̀fà kò ní wá, iṣu tó yẹ kó dé ọjà yóò jẹrà sílé, ẹni tí ara rẹ̀ kò bá yá yóò máa dúró de omi. Ó ti mọ́ àwọn ará abúlé lára. Kò mọ́ èmi lára.

Lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn ni ìyálé mi rọbí. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni, ilé wọn ló kángun sí tiwa, òun ló sì kọ́ èmi ọmọ ìgboro bí wọ́n ṣe ń dá iná igi tí kò fi ní máa rú èéfín. Ọmọ náà kò tètè wá. Ìyá tó ń gbẹ̀bí fún wa ní ká máa gbé e lọ sí ọsibítù l'Ọ́fà kíá. A gbé e dé etí odò. Mọ́tò tí a ránṣẹ́ pè ti dúró sí òdìkejì, à ń rí i, dírẹ́bà ń juwọ́ sí wa, ṣùgbọ́n ta ló máa gbé aboyún gba inú omi yẹn kọjá? A tẹ́ ẹní sábẹ́ igi kan. Orí itan mi ni ìyálé mi gbé orí lé, a wá ń wo omi bóyá yóò fà. Nígbà tó fi máa fà, ọmọ ti kú. Wọ́n rí ìyá rẹ̀ gbà là lọ́sibítù.

Kí ọdún tó parí, èmi náà lóyún. Mo ṣírò oṣù tí n óò bí i, mo sì rí i pé àsìkò tí odò náà máa ń kún jù ló bọ́ sí.

Ara mi kò balẹ̀ mọ́. Mi ò lè jókòó ti máṣíìnì kí n rán apá aṣọ kan parí. N óò dìde, n óò rìn dé etí odò tí kò ju omi ẹsẹ̀ lọ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, n óò máa wò ó bí ẹni tó ń wo ajá tó ti bù ú jẹ rí. Ọkọ mi ní kí n fọkàn balẹ̀, tó bá kù díẹ̀, òun á gbé mi lọ sọ́dọ̀ ìyá mi l'Ọ́fà.

Mo ní, "Àwọn tí kò ní ìyá l'Ọ́fà ńkọ́?"

Ó ní, "Ìwọ ni mo fẹ́. Mi ò fẹ́ gbogbo abúlé."

Òótọ́ ló sọ, ó sì bí mi nínú títí ilẹ̀ fi ṣú.

Nígbà tí abúlé ṣe ìpàdé níwájú ilé Baálẹ̀, ohun tí àwọn àgbà ń sọ ni bí wọ́n ṣe máa tún lọ bẹ ìjọba ìbílẹ̀ ní Ilemona kí wọ́n bá wa kọ́ afárá. Wọ́n ti lọ lọ́pọ̀ ìgbà. Nígbà gbogbo, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ á fún wọn ní àga, wọ́n á fún wọn lómi, wọ́n á sì ní àwọn ti gbọ́. Kí n tó mọ̀, mo ti dìde láàárín àwọn obìnrin. "Ẹ̀yin bàbá, ẹ má bínú. Tí wọ́n bá tún ní àwọn ti gbọ́ ńkọ́?" Ìyá ọkọ mi fa ìró mi láti ẹ̀yìn.

Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, kí lo wá fẹ́ ká ṣe?"

Mi ò mọ̀. Ìbínú nìkan ni mo gbé wá sí ìpàdé, mi ò gbé èsì kankan wá. Ìyálé mi, tí kò tíì sọ̀rọ̀ láwùjọ láti ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ ti kú, ló dá wọn lóhùn lórí ìjókòó rẹ̀. "Ká kọ́ ọ fúnra wa."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lèmọ́ọ̀mù sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí, àgbà ìjọ sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọmọ abúlé tó ń ṣiṣẹ́ l'Ọ́fà àti Ìlọrin náà dá owó sí i. A pe bíríkìlà kan tó ti kọ́ afárá rí. Ó rìn gbogbo etí odò, ó ní ibì kan ṣoṣo ni odò ti fún tó fi jẹ́ pé agbára wa á ká a. Inú oko kaju bàbá arúgbó kan ni. Ọ̀nà náà yóò gba ibi tí àwọn igi rẹ̀ tó dára jù wà.

Bàbá ní rárá. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, kaju yẹn ló ń bọ́ ọ. Lèmọ́ọ̀mù lọ bẹ̀ ẹ́, ó padà. Àgbà ìjọ lọ, ó padà. Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Bàbá ní kí wọ́n wá ibòmíràn. Ojú ọ̀run ti ń dúdú nírọ̀lẹ́, àwọn ènìyàn ti ń kọ ebè, èmi kò sì lè sùn mọ́. Mo gbé ikùn mi lọ kúnlẹ̀ níwájú bàbá. Ó ní kí n dìde, kí n má ṣe ara mi léṣe, ó bu kaju fún mi, ó sì ní kí n máa lọ sílé. Mo ń sunkún lọ lójú ọ̀nà, mo sì ń jẹ kaju náà, nítorí pé ó dùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyálé mi yọjú. "Ìyàwó, sìn mí dé ibì kan." Oko kaju ló mú mi lọ. Bí bàbá ti rí wa ló ti ń mi orí.

"Tó bá jẹ́ ẹ̀bẹ̀ ni ẹ tún bá wá…"

"Mi ò wá bẹ̀ yín, Bàbá," ìyálé mi wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé etí odò."

Bàbá wò ó, ó mú ọ̀pá rẹ̀. A rọra ń rìn. Nígbà tí a dé abẹ́ igi náà, ìyálé mi fi ọwọ́ kan ilẹ̀. "Ibí ni mo sùn sí." Ó nàka sí òdìkejì. "Ọ̀hún ni mọ́tò wà. Mo ń rí i. Ṣẹ́ẹ̀tì búlúù ni dírẹ́bà wọ̀."

Èmi tí mo gbé orí rẹ̀ lé itan, mi ò mọ̀ pé ó rí ṣẹ́ẹ̀tì náà.

Bàbá wo ilẹ̀ náà, ó wo òdìkejì. "Mo gbọ́ pé ọmọ náà kú. Ọsibítù ni mo rò pé ó kú sí."

"Ibí ni, Bàbá."

Ó yí padà, ó gba ọ̀nà oko rẹ̀ lọ. Àmọ́ nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a gbọ́ ìró àáké láti oko rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ sáré lọ ràn án lọ́wọ́, kò gbà fún wọn lórí igi àkọ́kọ́. Ó ní òun lòun gbìn ín.

A bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọkùnrin ń gbẹ́lẹ̀, obìnrin ń ru yanrìn àti òkúta. Tó bá di ọjọ́ Jímọ̀, tí àwa Mùsùlùmí lọ kírun, àwọn Kìrìsìtẹ́nì á máa bá a lọ. Ọjọ́ Àìkú, àwa náà á ṣe tiwa. Wọn ò jẹ́ kí n ru nǹkan kan. Mo kàn ń gbé omi mímu wá ni, n óò wá dúró sórí òkè kan, n óò máa wò wọ́n. Wọ́n sọ mí ní Inspẹ́tọ̀. Ojoojúmọ́ ni mo ń bi bíríkìlà pé ìgbà wo ló máa parí, títí tó fi ní, "Ìyàwó, ẹ̀yin ẹ bá mi bẹ sìmẹ́ńtì náà kó tètè gbẹ."

Òjò ńlá kan wá rọ̀ kó tó gbẹ. Ó gbé pákó lọ, ó wó òpó ẹ̀gbẹ́ kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà. Nígbà tí a dé ibẹ̀ láàárọ̀, àwọn ọkùnrin kàn káwọ́ lẹ́rán. Ẹnì kan ní ká fi í sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Mo jókòó sínú ẹrẹ̀. Ìyálé mi ká ìró rẹ̀ sókè. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí omi, ó ń ṣa àwọn òkúta tí omi fọ́n ká, ó ń kó wọn jọ. Bàbá oníkaju náà gbé ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀, ó di orí pákó kan mú, ó ń wọ́ ọ. Ojú ti àwọn ọ̀dọ́, wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, gbogbo wa ti wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ó parí kí odò tó kún tán. Lèmọ́ọ̀mù àti àgbà ìjọ ṣe àdúrà, àwọn ọmọdé sáré kọjá, wọ́n sáré padà, wọn ò fẹ́ lọ sílé.

Òjò ń rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí mo rọbí. Ọkọ mi gbé mi sórí ọ̀kadà, ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́yìn, ó dì mí mú. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbẹ́ ìpìlẹ̀ ni mo ti ń ro bí n óò ṣe wo omi yẹn nísàlẹ̀ lọ́jọ́ náà, bí n óò ṣe fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ìrora náà le, mo di ojú pinpin, mo fi eyín di gèlè mú. Nígbà tí mo rí ẹnu bèèrè bóyá a ti dé odò, ìyá ọkọ mi ní, "A ti kọjá tipẹ́." Mo bí ọmọbìnrin mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Ó ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ báyìí, àwọn olùkọ́ sì ń wá, òjò ì báà rọ̀. Afárá náà máa ń sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan; gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn là ń tún un ṣe. Ní ìpàdé báyìí, ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì tí yóò máa gbé abúlé là ń sọ, èmi náà kò sì tíì mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó jẹ́ẹ́. Tí òjò bá lágbára jù, mo ṣì máa ń jáde lọ wo òpó.

Ìyálé mi ti bí ọmọ míràn. Tí òun àti èmi bá jọ ń ti ọjà bọ̀, bí ọ̀kadà bá ti gbé wa dé ẹnu afárá, òun á ní kó dúró, á sọ̀ kalẹ̀, á fi ẹsẹ̀ rìn ín kọjá, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìwo ẹ̀gbẹ́ kankan. Mi ò bi í rí pé kí ló dé. Èmi náà á sọ̀ kalẹ̀, n óò tẹ̀ lé e.