Ọjọ́ Tí Mo Ní Kí Bàámi Jókòó

Ọ̀rọ̀ ìdágbére láti ọwọ́ Rósálì Àbẹ̀ní, àkọ́bí Olóògbé Àkànní Alágídìgbo ti Ifangni

Yéè, Bàámi! Ẹ lọ lóòótọ́! Àkànní Alágídìgbo, ọkọ ìyá mi, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ le koko lórí ọkọ́ tó sì rọ̀ bí òwú lórí ahọ́n irin, ṣé ẹ̀yin náà ni wọ́n ń tẹ orúkọ yín sí iwájú ìwé ìsìnkú báyìí?

Wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére yín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fà á ya. Mi ò lè jókòó. Tí mo bá kọ ìlà kan, màá dìde, màá lọ sídìí àmù, màá mu omi tí òùngbẹ rẹ̀ kò gbẹ mí, màá tún padà wá. Takisí tó ń lọ Àjàṣẹ́ lọ́sàn-án yìí ló máa gbé ìwé yìí fún atẹ̀wé, awakọ̀ sì ti fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ọ́, Bàámi, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ó yẹ kí n ti sọ ọ́ fún yín nígbà tí etí yín ṣì ń gbọ́.

Ta ni kò mọ Àkànní ní Ifangni, Ìfọ̀nyìn wa yìí? Láti Daagbé dé Ko-Koumolou, bí wọ́n bá bímọ, ẹ̀yin ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí. Bí arúgbó bá sùn tí kò jí, ẹ̀yin ni. Ẹ̀yin mẹ́rin lẹ máa ń jáde: ẹ̀yin lórí agídìgbo, ọ̀rẹ́ yín méjì tí ń gbe orin, àti ẹnì kan tó ń mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ẹ ò ní mikró, ẹ ò ní iná. Ẹ ó gbé àpótí pákó yẹn lé itan, ẹ ó máa fi àtàǹpàkò tẹ ahọ́n irin rẹ̀ máràárùn-ún, ẹ ó sì máa ki àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ ìyá wọn àti ohun tí wọ́n gbìn lọ́dún náà. Ẹni tí àgbàdo rẹ̀ kò ṣe dáadáa, ẹ ó bá a kẹ́dùn nínú orin, ẹ ó ní ọ̀dá ló ṣẹ̀, òun kọ́. Àwọn èèyàn á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì máa nu ojú. Èmi nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín. Ojú máa ń tì mí.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà náà. Mo wà ní kolẹ́ẹ̀jì, mo sì ń kọrin nínú ọ̀kẹ́sítà àwọn ọ̀dọ́. “Ehuzu!” ni gbogbo orílẹ̀-èdè ń ké, ìyẹn ni pé ayé ti yí padà, àwa ọ̀dọ́ sì gbà pé ọ̀dọ̀ wa ló yí sí. Gbogbo wa ti di kamaradi, alájọjà ara wa. Tíṣà jẹ́ kamaradi, aláta jẹ́ kamaradi, díẹ̀ ló kù kí ajá tíṣà náà jẹ́ kamaradi. Orin oníná là ń kọ, gìtá méjì pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó ga tó mi. Bí èèyàn bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àyà rẹ̀ á máa gbọ̀n. Ẹ̀yin ní ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń fọ páànù nínú kànga. Èmi ní tiyín, orin àwọn tó ń dúró de ikú ni. Mo sọ ọ́ lójú yín nígbà tí ẹ ń jẹun, Ọlọ́run dárí jì mí! Ẹ gbé òkèlè mì, ẹ ní, “Àbẹ̀ní, ta ni ẹ ń kì nínú orin tiyín? Mo gbọ́ ariwo, mi ò gbọ́ orúkọ ẹnikẹ́ni.” Mo ní a kì í ki èèyàn mọ́, ìfẹ́ là ń kọ. Ẹ ní, “Ìfẹ́ ta?” Mo bá fi ìbínú dìde.

Ọ̀rọ̀ kan ló wá ba gbogbo nǹkan jẹ́. Ará ìlú mọ ìtàn náà, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn wa tó ti Nàìjíríà wá bá wa kẹ́dùn lè má mọ̀ ọ́n. Ní gbogbo ìpàdé ìgbà náà, dẹ́lẹ́gẹ́, ìyẹn olórí tí ìjọba tuntun yàn fún wa, á na ìkúùkù sókè, á ké pé, “La lutte!” ìjàkadì wa nìyẹn. Ìlú á dá a lóhùn pé, “Continue!” ó ń bá a lọ nìyẹn. Lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ wá sí ìpàdé, ẹ jókòó síwájú nínú agbádá yín aláwọ̀ ewé. Dẹ́lẹ́gẹ́ ké, “La lutte!” Ẹ̀yin gbọ́ “A lù ú tì!” Kí ẹnikẹ́ni tó ya ẹnu, ẹ ti na ọwọ́ sókè, ẹ sì fi ohùn olórin dá a lóhùn pé, “Ẹ tún un lù!”

Háà! Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìlú. Dẹ́lẹ́gẹ́ fúnra rẹ̀ di ikùn mú. Ẹ wá dìde dúró, ojú yín le, ẹ ní kí ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín? Ẹ ní bí olórí bá dúró níwájú gbogbo ayé, tó jẹ́wọ́ pé àwọn lù ú tì, ta ló ń bá wí bí kò ṣe àwa tí a mọ̀ ọ́n lù? Láti ọjọ́ náà, bí ẹ̀wọ̀n kẹ̀kẹ́ ẹnì kan bá já lójú ọ̀nà, á ní, “A lù ú tì!” ẹni tó ń kọjá á ní, “Ẹ tún un lù!” Bí gààrí bá jóná mọ́ ìyá kan lọ́wọ́, bákan náà. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní kolẹ́ẹ̀jì ń sọ ọ́ sí mi léti láti ẹ̀yìn nínú kíláàsì. Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Mo ní kí ló dé tó jẹ́ pé bàbá tèmi ni kò gbọ́ Faransé.

Nígbà tí àjọ̀dún ìyípadà dé, wọ́n ní kí gbogbo olórin ìlú wá ṣeré ní pápá ilé ìwé. Orúkọ yín wà lókè ìwé ètò, tiwa wà nísàlẹ̀. Mo lọ bá dẹ́lẹ́gẹ́ nílé rẹ̀, mo dúró ṣánṣán bí ọmọ ogun, mo ní, “Kamaradi dẹ́lẹ́gẹ́, orin bàbá mi, orin féodal ni.” Orí rádíò ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Mo mọ̀ pé wọ́n fi ń bú èèyàn, mi ò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dẹ́lẹ́gẹ́ náà kò mọ̀ jù mí lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á, ó ṣí kàyé, ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, ó fa ìlà lé orúkọ yín. Ọmọ tí ẹ bí ló ṣe é, Bàámi. Kì í ṣe ìjọba.

Wọ́n sọ fún yín pé ọmọ yín ní orin yín jẹ́ féodal. Ẹ lọ bi èèyàn léèrè ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹnì kan sì ní ọ̀rọ̀ àwọn ọba àtijọ́ ni. Ẹ padà dé tẹ̀ríntẹ̀rín. Ẹ lọ Daagbé, ẹ lọ Ko-Koumolou, ẹ ń sọ fún tọmọdé tàgbà pé, “Ọmọ mi tó wà ní kolẹ́ẹ̀jì ní orin mi, orin ọba ni!” Mo gbọ́, ara mi balẹ̀. Mo ní ọpẹ́ ni, wọn ò mọ̀. Fún gbogbo ọdún wọ̀nyí ni mo ti ń tu ara mi nínú: wọn ò mọ̀.

Ọjọ́ àjọ̀dún pé, oòrùn mú gan-an. Ẹ wá, bí wọ́n tilẹ̀ ti yọ orúkọ yín. Ẹ jókòó lórí bẹ́ǹṣì àwọn àgbà pẹ̀lú àpò kan lórí itan yín, mo sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. A gun orí pèpéle, a bẹ̀rẹ̀ “Dúró Dè Mí”, orin tí èmi fúnra mi kọ. Mo dé ẹsẹ kejì, ẹ̀rọ tó ń mú iná wá wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kú. Gìtá dákẹ́, mikró dákẹ́. Ohùn mi tí mo rò pé ó kún gbogbo pápá wá tín-ín-rín bí ti ẹ̀fọn. Ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn: “A lù ú tì!” Gbogbo pápá dáhùn.

Mo wá rí yín. Ẹ ti dìde. Ẹ ti yọ agídìgbo nínú àpò, ẹ ń bọ̀ láàárín èrò, ojú yín ń dán. Mo mọ̀ pé ẹ ń bọ̀ wá gbà mí ni. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Mo sì na ọwọ́ sí yín níwájú gbogbo ìlú, mo ní, “Bàámi, ẹ jókòó!”

Ẹ jókòó.

Ẹ dá agídìgbo padà sínú àpò, ẹ so ẹnu rẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò jí mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí mo délé, mo ń retí ìbínú yín. Mo tilẹ̀ fẹ́ ẹ, kí n lè rí ààyè bínú padà. Ẹ wò mí, ẹ ní, “Gìtá yín dára, Àbẹ̀ní. Iná ni kò dára.” Ẹ ní kí Màámi bu oúnjẹ fún mi. Ẹ ò sọ ọ́ mọ́ títí ẹ fi kú.

Mo lọ Kútọnu, mo kọrin nílé ọtí fún ìgbà díẹ̀, ọ̀kẹ́sítà wa túká, mo padà wálé, mo di aránṣọ ní Ìgòlò. Mo bí ọmọbìnrin tèmi. Kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń kó wọlé láti Nàìjíríà ni òun ń gbọ́, orin tí mi ò gbọ́ gìtá kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo ń fi ohùn kékeré kọ “Dúró Dè Mí” nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó fọwọ́ dí etí, ó ní, “Màmá, ẹ gbà mí lọ́wọ́ orin àwọn arúgbó yìí.” Ẹ wà níbẹ̀, Bàámi. Ẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú yín. Ẹ ní, “Àbẹ̀ní, wọ́n ti fi ìwọ náà jẹ ọba!” Mo bá yín rẹ́rìn-ín. Kò yé mi.

Awakọ̀ tún ti fọn fèrè. Kó dúró!

Àná ni mo jẹ́wọ́ fún Màámi. Mo ro gbogbo ẹjọ́ náà, mo wá fi kún un pé ọpẹ́ ni pé ẹ ò gbọ́ Faransé. Màámi wò mí bí ẹni tó rí wèrè. Wọ́n ní, “Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ? Bàbá rẹ ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́fà lójú irin Àjàṣẹ́ sí Pobè, lábẹ́ òyìnbó, kí n tó fẹ́ wọn. Faransé tí wọn ò gbọ́ ni èyí tí wọn ò fẹ́ gbọ́.”

Mo wọ yàrá yín, mo gbé agídìgbo àtijọ́ yẹn kúrò lára ògiri, èyí tí ẹ ò gbé jáde mọ́ láti ọjọ́ pápá. Òmíràn lẹ ṣe, òun lẹ fi ń lọ òde, mo sì rò pé èyí ti bàjẹ́ ni. Mo tẹ ahọ́n kìíní, ohùn rẹ̀ ṣàjèjì. Mo tẹ ìkejì. Mo tẹ gbogbo wọn tẹ̀léra. Bàámi! Ẹ ti fi fáìlì gé irin náà, ẹ ti yí ohùn rẹ̀ padà pátápátá. Ohùn “Dúró Dè Mí” ni, kò sí èyí tó yẹ̀. Ìpẹtà ti bo ibi tí fáìlì jẹ. Mo ké sí Màámi, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú àjọ̀dún lẹ ti ń gé e, lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n ti yọ orúkọ yín. Wọ́n ní ẹ máa ń fi etí lé ògiri nígbà tí mo bá ń kọrin ní balùwẹ̀, ẹ ó gé díẹ̀, ẹ ó tún fetí sí i.

Ẹ ò wá kọ orin tiyín lọ́jọ́ náà. Tèmi lẹ wá bá mi lù. Èmi ni mo ní kí ẹ jókòó.

Ẹ foríjì mí, Bàámi. Mo bẹ̀ yín, mo kúnlẹ̀, mo yíká. Lọ́jọ́ Sátidé, ní ojúde wa, màá gbé àpótí yìí lé itan níwájú gbogbo ìlú. Mi ò mọ̀ ọ́n lù, màá lù ú tì, mo sì mọ ohun tí wọ́n máa dá mi lóhùn. Màá tún un lù. Màá ki yín ní orúkọ, pẹ̀lú orúkọ ìyá yín àti gbogbo ọ̀pẹ tí ẹ gbìn. Ọmọbìnrin mi ti ní òun máa gbè é, kásẹ́ẹ̀tì lè sinmi lọ́jọ́ kan.

Mo ti sọ fún atẹ̀wé pé orúkọ yín ni kó wà lókè, kí tèmi wà nísàlẹ̀. Mo ti ń dìde láti àná, Bàámi, èmi ni mo jókòó báyìí. Kò sí ẹni tó máa dá yín dúró mọ́. Àkànní, baba mi, orin ọba ni orin yín. Ẹ sùn re o.