Ilẹ̀kùn tí A Fi Tọrọ Àyè Láti Gbẹ́lẹ̀

Bí ènìyàn bá fẹ́ wá irin nínú ilẹ̀ onílẹ̀, kò gbọdọ̀ gbé ẹ̀rọ dání ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ lọ kí i. Àbúrò bàbá mi, tí à ń pè ní bàbá kékeré, ni ó kọ́ mi ní òfin yìí. Iṣẹ́ wẹ́dà ni ó ń ṣe ní Logbaba, àdúgbò wa ní Douala, ṣùgbọ́n ó ra ẹ̀rọ kan lọ́wọ́ àwọn tí ń ta ẹrù àlòkù láti òkè òkun. Ẹ̀rọ náà gùn bí ọ̀pá, ó ní àwo pẹlẹbẹ kan nídìí. Bí àwo yìí bá kọjá lórí irin tí ó wà nínú ilẹ̀, yóò ké. Ajá ni bàbá kékeré ń pè é, nítorí pé ó ń gbọ́ òórùn ohun tí ojú kò rí. Irin àlòkù ni ó ń fi í wá ní àwọn ibi tí wọ́n ti wó ilé, tí yóò sì kó padà sí ṣọ́ọ̀bù láti fi ṣe géètì.

Èmi ni ẹnu rẹ̀. Kò tíì pẹ́ tí ó dé láti Nàìjíríà, Faransé rẹ̀ kò sì kọjá "bonjour" tí a fi ń kí ènìyàn àti "c'est combien" tí a fi ń béèrè iye owó. Nítorí náà, ní àkókò ìsinmi, èmi ni mo máa ń bá a lọ bá àwọn onílẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ẹni tí ó gbé ọkọ́ lọ kí onílẹ̀," ni ó máa ń wí, "ti bẹ̀rẹ̀ olè jíjà kí wọ́n tó dá a lóhùn."

A ó kí wọn, a ó béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ, a ó ṣèlérí pé a ó dí gbogbo ihò padà. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń sọ pé irin ni à ń wá, kì í ṣe wúrà. Mo ti wá ṣàkíyèsí pé gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni ó máa ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́, nítorí pé kò sí ẹni tí ó ronú kan wúrà títí a ó fi sọ fún un pé kì í ṣe òun ni à ń wá. Ọkùnrin kan ní Yassa kọ̀ fún wa pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó tilẹ̀ fún wa ní omi mu. Nígbà tí a tún kọjá níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti gbẹ́ gbogbo àgbàlá rẹ̀ bí ẹni tí ó fẹ́ gbin iṣu fún gbogbo Douala. Bàbá kékeré ní kí n kí i kú iṣẹ́. Ọkùnrin náà dáhùn pé ẹ̀gẹ́ ni òun fẹ́ gbìn.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àyè tí a ti tọrọ rí, èyí tí ó ṣòro jù lọ ni ti màmá onílé wa àtijọ́ ní Ndogbong. Ìyá mi ni ó rán wa.

Ohun tí ìyá mi ń wá kì í ṣe irin. Òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ ni. Nígbà tí oyún mi gbó, ọwọ́ rẹ̀ wú, ó bọ́ òrùka náà sí ojú fèrèsé, ó bí mi, kò sì rí i mọ́. Ó gbà pé wọ́n ti gbá a mọ́ ìdọ̀tí dà sí ẹ̀yìnkùlé. Bàbá mi, tí ń ta bàtà ní ọjà, ní àlàyé tirẹ̀. Ní ọdún tí wọ́n bí mi, ọjà kò tà, síbẹ̀ ìrẹsì kò tán nílé. Ó dá a lójú pé ìyá mi ta òrùka náà ra ìrẹsì, pé òrùka ni a jẹ. Kò fi bínú rí, ẹ̀fẹ̀ ni ó ń fi ṣe. Bí àlejò bá yin oúnjẹ ìyá mi, bàbá mi yóò ní, "Ẹ rọra jẹ ẹ́ o, wúrà wà nínú rẹ̀." Gbogbo ènìyàn a sì rẹ́rìn-ín. Ní ìgbà ìṣínu ààwẹ̀ tí ó kọjá, ó sọ ọ́ lójú àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá mi, mo sì rí i tí ìyá mi dìde lọ fọ abọ́ tí kò dọ̀tí.

Lẹ́yìn èyí ni ó wá bá bàbá kékeré ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ọkọ mi," ni ó wí, "ajá yín yìí, ṣé irin nìkan ni ó ń gbọ́ òórùn rẹ̀?"

"Ó ń gbọ́ ti wúrà náà, ìyàwó wa. Ta ni kì í gbọ́ ti wúrà?"

Wàhálà ibẹ̀ ni pé bàbá mi àti màmá onílé kò pínyà dáadáa. Ní ọjọ́ tí a kó kúrò ní Ndogbong, bàbá mi rántí pé owó òun ni òun fi ra ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé. Ó tú u, ó gbé e sórí ẹrù wa, ó sì fi ilé sílẹ̀ ní yíya ẹnu. Ilẹ̀kùn náà ni ó di ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ wa ní Logbaba.

Èmi àti bàbá kékeré lọ láìgbé ajá dání, gẹ́gẹ́ bí òfin. Màmá onílé jẹ́ arúgbó ọmọ ẹ̀yà Bassa níbẹ̀, Mami sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó jókòó, ó ń pa ẹ̀pà. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi bí a ti ń to àròkọ, pẹ̀lú ìfáàrà àti àsọkágbá. Ó jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀ tán.

"Ìwọ ni ọmọ ilẹ̀kùn," ni ó wí ní èdè Faransé. "Bàbá rẹ ńkọ́?"

"Ara rẹ̀ le, Mami."

"Ilẹ̀kùn mi ńkọ́?"

"Òun náà wà, Mami."

Bàbá kékeré tẹ̀ sí mi létí. "Kí ni ó wí?"

"Ó ń béèrè àlàáfíà ilẹ̀kùn."

"Sọ fún un pé ó ń kí i."

N kò túmọ̀ ìyẹn. Mami pa ẹ̀pà díẹ̀ sí i, ó wá gbé ìdájọ́ kalẹ̀: kí ilẹ̀kùn kọ́kọ́ wọlé, kí àwa tó wọlé.

Nígbà tí mo jíṣẹ́ yìí fún ìyá mi, ó wo ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. "Ta tilẹ̀ ni ó ń wẹ̀ ní ọ̀sán?" ni ó béèrè. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kété tí bàbá mi lọ sí ọjà, bàbá kékeré tú ilẹ̀kùn náà, ìyá mi ta ànkárá kan dí ojú ibẹ̀, a sì háyà ọmọlanke. Bàbá kékeré gbé ajá kọ́ èjìká. Ọmọlanke ń lọ níwájú, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń tẹ̀ lé ilẹ̀kùn bí àwọn tí ń sin ìyàwó lọ sí ilé ọkọ.

Mami fi ìka kan ilẹ̀kùn náà. "Ó ti gbó."

"Omi ni ó ń bá gbé, Mami."

Ó ní kí a fi í ti ògiri, ó sì ní kí a wọlé.

Ajá kọ́kọ́ ké lórí ìdérí ìgò, ó ké lórí agolo sadínì, ó ké lórí ṣíbí kan tí Mami sọ lójú ẹsẹ̀ pé tòun ni. Nígbà tí a dé ìdí igi àgbọn, ajá ké títí bàbá kékeré fi ní láti pa á lẹ́nu mọ́. Ó gbẹ́ ilẹ̀, ó fa agolo mílíìkì kan yọ tí ìpẹtà ti jẹ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi là lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdì aṣọ kékeré kan ni ó wà nínú rẹ̀. Àwọ̀ aró ṣì hàn lára rẹ̀ díẹ̀.

"Aṣọ ìyá wa nìyí," ni bàbá kékeré wí. Ìyá àgbà ni ó ń sọ, ìyá òun àti bàbá mi, tí ó wá láti Ìsẹ́yìn láti máa wẹ̀ mí nígbà tí wọ́n bí mi. Ó ti di olóògbé báyìí.

Ìyá mi fẹ́ tú u, ṣùgbọ́n Mami dìde. "Rọra. Ìwọ́ ọmọ ni. Àwa náà ń rì í sí ìdí igi." Ó wá yíjú sí mi. Mo rí i pé mo ti fi ọwọ́ bo ìdodo mi láìmọ̀. Mami bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "O fi ilẹ̀kùn tọrọ àyè kí o lè wọ inú ilẹ̀ mi, ìwọ náà sì ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí láìgba àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

Òun fúnra rẹ̀ ni ó tú aṣọ náà. Ohun gbígbẹ kan wà nínú rẹ̀, kò tó ìdajì ìka. Òrùka wúrà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Láti ojú fèrèsé," ni ìyá mi wí.

A ti gbàgbé pé ọjọ́ Jímọ̀ ni. Bàbá mi ti ti ọjà dé láti wẹ̀ kí ó tó lọ kírun, ó sì bá ànkárá ní ipò ilẹ̀kùn. Kò ṣòro fún un láti tọpa wa: ó kàn ń béèrè lọ́nà bóyá wọ́n rí ilẹ̀kùn kan tí ó kọjá. Lórí ọ̀kadà ni ó ti sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Mami, tòun ti táwẹ́lì lọ́rùn.

"Ta ni ó ní kí ẹ tú ilẹ̀kùn mi?"

Ìyá mi la àtẹ́lẹwọ́. "Ẹ wo ìrẹsì tí a jẹ lọ́dún náà."

Bàbá mi wo òrùka, ó wo aṣọ aláró náà, ó sì mọ̀ ọ́n. "Ìyá mi?"

"Ìyá wa náà ni, ẹ̀gbọ́n," ni bàbá kékeré wí.

"Mo gbọ́ tí wọ́n ń ṣàdúrà pé kí ọmọ yìí má rí ìṣẹ́," ni ìyá mi wí. "N kò mọ̀ pé òrùka mi ni wọ́n fi ṣe àmín."

Ó fẹ́ fi òrùka sí ìka, ṣùgbọ́n Mami mi orí. Ó ní a kì í mú nǹkan kúrò lọ́dọ̀ ìwọ́ ọmọ kí a fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófo; ohun iyebíye gbọ́dọ̀ rọ́pò rẹ̀. Bàbá mi gbọ́ Faransé jù mí lọ, síbẹ̀ mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀ fún un, kí ó má baà ní òun kò gbọ́. Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó mú ẹyọ owó kan jáde. Mami tún mi orí. Ìyá mi ń wo aago ọwọ́ bàbá mi, èyí tí ó máa ń ká apá aṣọ sókè nítorí rẹ̀ bí oníbàárà bá dé.

"Aago yìí?" ni bàbá mi béèrè.

"Ẹ rọra bọ́ ọ o," ni ìyá mi wí, "wúrà wà lára rẹ̀."

Bàbá kékeré dí ihò náà padà gẹ́gẹ́ bí a ti ṣèlérí. Bàbá mi padà sílé láìní ilẹ̀kùn, láìní aago, kò sì wẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí àlejò bá yin ọbẹ̀ ìyá mi, bàbá mi a ní lóòótọ́ ni ó dùn, a sì bu òkèlè mìíràn. Ní ti Mami, ó ti ránṣẹ́ sí mi pé bí ẹnikẹ́ni bá tún gbé ajá wá tọrọ àyè lórí ilẹ̀ òun, Logbaba ni òun yóò darí rẹ̀ sí, kí ó kọ́kọ́ wá gbà á lọ́wọ́ èmi tí ìwọ́ mi wà níbẹ̀.