Alùpùpù Tó Ń Dúró De Ilé

Òórùn bẹntiróòlù ló máa ń jí mi láàárọ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Kì í ṣe òórùn ẹyin díndín, kì í sì í ṣe òórùn ọṣẹ ìfọṣọ tí àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń gbé wá sílé ẹ̀kọ́ lára súẹ́tà wọn. Bẹntiróòlù ni, àti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, àti ìpara kan tí bàbá mi fi ń nu irin kó lè máa dán. Alùpùpù náà dúró sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi gan-an, nínú fúláàtì ìsàlẹ̀ tí káńsù fún wa lẹ́yìn Rye Lane, ní Peckham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àárọ̀ kan kì í lọ kí n má fi orúnkún gbá a. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé mò ń fi ẹ̀rín sọ ọ́. Títí di òní, tí mo bá gbóòórùn ilé epo, orúnkún ọ̀tún mi á bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí.

Ọjọ́ Sátidé kan ló dé, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Òyìnbó àgbà kan tí òun àti bàbá mi jọ ń ṣiṣẹ́ ní gáréèjì bọ́ọ̀sì fẹ̀yìn tì, ìyàwó rẹ̀ sì ní òun ò fẹ́ rí irin náà nínú ọgbà òun mọ́. Ni bàbá mi bá rà á. Ọkùnrin méjì ló tì í wọlé, tí wọ́n ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Mummy ti wọn àyè yẹn sílẹ̀ fún fìrísà tó fẹ́ rà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, ó pọn Kàmọ́rù àbúrò mi sẹ́yìn, ó ń wò wọ́n.

"Bàbá Rìsí, ibo ni eléyìí ń lọ?"

"Ìṣẹ́yìn ló ń lọ," ni bàbá mi wí. "Two months péré, kọnténà máa gbé e."

Oṣù méjì. Kàmọ́rù tó wà lẹ́yìn lọ́jọ́ náà ti ní ìyàwó àti irùngbọ̀n báyìí, alùpùpù náà ò tíì rí òkun.

Kí ẹ tó bínú sí bàbá mi ju bí èmi ṣe bínú lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ irú alùpùpù tó jẹ́ fún yín. Ti Amẹ́ríkà ni, irú èyí tí ìjókòó rẹ̀ fẹ̀ bí àga pálọ̀, tí táǹkì rẹ̀ ṣe roboto, tí irin rẹ̀ ń dán débi pé èèyàn lè fi ṣe dígí kó sì dirun níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ olórí méjì tí wọ́n yà bí ìka méjì, ìdí nìyẹn tí ìró rẹ̀ kì í fi í dọ́gba: gbùdù-gbùdù, á sinmi díẹ̀, gbùdù. Mo mọ ìtàn rẹ̀ ju ìtàn àwọn ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ lọ, torí pé bàbá mi kì í dákẹ́. Inú ahéré onípákó kékeré kan ni àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn sójà gùn ún lọ sógun, ọlọ́pàá fi lé olè, àwọn ọmọ ìta náà fi ń sá fún ọlọ́pàá. Nígbà tí alùpùpù Japan dé, tó ń sáré, tó fúyẹ́, tí kì í jo ọ́ìlì, gbogbo ayé ní ti Amẹ́ríkà ti kú. Kò kú. "Ṣé o mọ why?" ni bàbá mi á bi mí, á gbé ìka sókè. "Torí pé kì í kánjú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Mummy á dáhùn láti kíṣìnì: "Ohun tó bá yá kì í tún pẹ́ mọ́ o."

Èmi á wà láàárín òwe méjèèjì tèmi ti báàgì ìwé mi, màá fẹ̀gbẹ́ kọjá lára irin lọ sílé ẹ̀kọ́. Ọ́ìlì máa ń yí mi ní súẹ́tà. Tíṣà mi kan bi mí lójú gbogbo kíláàsì bóyá inú gáréèjì ni mò ń gbé. Mo ní rárá, mo ní inú ilé ni, gáréèjì ló wá bá wa gbé. Wọ́n ní kí n dúró síta.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní Peckham, ẹ mọ àìsàn yìí. Ẹ mọ àwọn àga tí a kì í bọ́ ọ̀rá lára wọn, tó máa ń lẹ̀ mọ́ itan wa nígbà ooru. Ẹ mọ àgbá aláwọ̀ búlúù tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí wọ́n ń di aṣọ tuntun àti bàtà tuntun sínú rẹ̀ nígbà tí bàtà tiwa ń ṣí lẹ́nu. Ohun tó dára, ti ilé ni. Àwa ọmọ wà níbí, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé ayé gan-an ò tíì bẹ̀rẹ̀, ó di ìgbà tí a bá délé. Bàbá mi kàn gbé àìsàn náà dé góńgó ni. Ó fi ọ̀rá nípọn wé alùpùpù, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì lé e, ó wá fi kọ́tìnì léèsì àtijọ́ Mummy bò ó. Nígbà tí ará káńsù kan wá wo páìpù, tó béèrè ohun tó wà lábẹ́ kọ́tìnì, bàbá mi ní àga ni. Ìwé àṣẹ rẹ̀ láti gun alùpùpù pàápàá wà nínú ọ̀rá tirẹ̀.

Ní Sátidé àkọ́kọ́ lóṣù, á tì í jáde síbi ìgbọ́kọ̀sí, á tú u, á sì tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀sítéètì wa á sáré jáde. Bàbá mi kì í gùn ún. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló máa ń dúró sí, á gbé ọwọ́ lé e, á di ojú, á máa gbọ́ ọ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, á pa á, á sì wé e padà.

"Dad, please, lẹ́ẹ̀kan péré. Just to the shops."

"Tí a bá délé, Rìsí. Ilé la ti máa gùn ún."

Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ láyé nìyẹn: kí n jókòó sẹ́yìn bàbá mi lórí alùpùpù yẹn, kí á gba Rye Lane kọjá níwájú àwọn ẹlẹ́ja àti àwọn oníṣu, kí àwọn ọmọ kíláàsì mi rí mi. Ọdún méjì ni mo fi bẹ̀ ẹ́. Lọ́dọọdún, kọnténà á lọ láti Old Kent Road. Lọ́dọọdún náà ni nǹkan mìíràn á gba àyè alùpùpù: bẹ́ẹ̀dì fún àbúrò rẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ fún ìbátan tí èmi ò mọ̀ rí.

Àárọ̀ Iléyá ọdún tí mo pé mọ́kànlá ló ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. A ti múra tán pẹ̀lú aṣọ tuntun nígbà tí ọkọ̀ bàbá mi kọ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò tan. Bọ́ọ̀sì méjì kún, wọn ò dúró. Mummy wo ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wo bàbá mi. "Alùpùpù ńkọ́? Ẹ̀yin àti Rìsí ẹ máa lọ, èmi àti Kàmọ́rù á wọ bọ́ọ̀sì." Ọkàn mi fò sókè. Bàbá mi mi orí. "Kì í ṣe alùpùpù ibí."

Ẹsẹ̀ la fi rìn. Òjò winniwinni ń rọ̀ sí wa lára ní Old Kent Road, ọkọ̀ ń ta omi sí wa láṣọ, bàtà tuntun bó mi ní gìgísẹ̀. Àwọn èèyàn ti ń dì mọ́ra wọn lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí nígbà tí a dé. Wọ́n ti kírun tán. Bàbá mi pàdánù ìrun Iléyá, alùpùpù tó ń ṣiṣẹ́ wà nílé nínú ọ̀rá. Inú bí mi débi pé mi ò lè sunkún.

Nígbà tí a délé, tí àwọn òbí mi gbé ẹran lọ fún àwọn ará àdúgbò, mo tú kọ́tìnì, mo tú bùláńkẹ́ẹ̀tì, mo fi eyín ya ọ̀rá. Mo gun alùpùpù náà tèmi taṣọ Iléyá, mo gbé e nàró kúrò lórí irin tó fi ń dúró. Mi ò mọ̀ pé ó wúwo tó bẹ́ẹ̀. Ó fì sí òdìkejì, èmi àti òun wó lu ògiri, etí àpótí mítà iná sì gún táǹkì rẹ̀ wọnú.

Bàbá mi ò nà mí. Ó kọ́kọ́ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mi méjèèjì, ó ní kí n gbé wọn. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ kan táǹkì. "Ó ti lábùkù," ló wí. "Mi ò lè gbé alábùkù délé." Kọnténà ọdún yẹn lọ láìgbé e. Kí òmíràn tó lọ, wọ́n pè láti Ìṣẹ́yìn pé Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, ti kú.

Ọjọ́ yẹn ni Mummy sọ ohun tí n kò mọ̀ fún mi. Nígbà tí bàbá mi kéré, òyìnbó kan tó ń la ọ̀nà máa ń gun irú alùpùpù yìí gba ìlú wọn kọjá. Bàbá mi àti ìyá rẹ̀ ń ti oko bọ̀ pẹ̀lú igi lórí nígbà tó kọjá lára wọn, ó sì sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun máa ra irú ẹ̀, òun máa gbé e sẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní dun ún mọ́. Ìyá rẹ̀ ní àmín. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jókòó sẹ́yìn alùpùpù yẹn ṣáájú rẹ̀.

Ẹ wo ẹrù tí ọmọ ọdún mọ́kànlá gbé. Èmi ni mo ba táǹkì jẹ́. Èmi ni n kò jẹ́ kí alùpùpù délé kí Ìyá Àgbà tó kú. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi gbé e, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ṣe ilé ẹ̀kọ́ tán, mo di awakọ̀ bọ́ọ̀sì, mò ń wà á yípo oríta Elephant and Castle lójoojúmọ́. Tí alùpùpù irú ẹ̀ bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, màá gbójú sọ́nà bí ẹni tó jalè.

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ gba ìwé àṣẹ alùpùpù. Mo gbé ti bàbá mi lọ bá mẹkáníìkì kan tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ afárá rélùwéè. Ẹ́ńjìnnì gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Táǹkì ńkọ́? Ọkùnrin náà na ibi tó wọnú títí tó fi dọ́gba, kí ife tíì tó ń mu tó tutù. Mo kúrò níbẹ̀ tìbínú-tìbínú. Mo lọ bá bàbá mi ní pálọ̀.

"Dad, ẹ wò ó, kò tó hour kan! Kí ló dé tí ẹ ò tún un ṣe nígbà yẹn?"

Ó yọ awò ojú rẹ̀. "Kí ló kan táǹkì? Before you fell, mo ti fi àyè ẹ̀ lọ́dún yẹn gbé fíríìjì àwọn ẹ̀gbọ́n mi. They were begging me."

"Ẹ ní alábùkù ò lè délé!"

"Inú ló ń bí mi. Ṣé ìwọ wá rò pé ìwọ lo fà á?"

"Ọgbọ̀n ọdún! Ẹ ò sọ!"

"O ò béèrè," ni bàbá mi wí, ó sì dé awò rẹ̀ padà. Mo jáde lọ dúró síbi ìgbọ́kọ̀sí, mo sunkún tí mi ò rí sun lọ́jọ́ Iléyá yẹn.

Àárọ̀ Iléyá ọdún yìí, mo tì í jáde. Orúnkún bàbá mi ti kọṣẹ́, èmi àti Kàmọ́rù la gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá ìjókòó. Ó bá wa jà torí akoto, ó ní ó máa ba fìlà òun jẹ́, kó tó wá fi fìlà sápò. Mummy dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní tí a bá ti lọ kí a má gbé e padà sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ òun. A gba Rye Lane, a já sí Old Kent Road, bàbá mi di ìbàdí mi mú, ó ń pariwo "Rọra! Rọra! Níbo lò ń sáré lọ?" Mi ò sáré ju ẹlẹ́sẹ̀ lọ. A tètè dé, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù kí ìrun tún fò wá, nítorí àwọn ọ̀dọ́ yí alùpùpù ká pẹ̀lú fóònù wọn, wọ́n ń yìn ín, "Uncle, that's sick, wallahi," bàbá mi sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti inú ahéré onípákó. Lèmọ́mù ti dìde kí n tó fà á wọlé.

Nígbà tí a padà délé, tí a gbé bàbá mi sọ̀ kalẹ̀, ó dúró, ó wo ìjókòó ẹ̀yìn náà pẹ́.

"Ó ga jù," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Ìyá mi ò ní lè gùn ún."

Kò jókòó síbẹ̀ rí kó tó di àárọ̀ yẹn. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kò jókòó síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan wò. Mo fẹ́ bínú, mo sì fẹ́ dì mọ́ ọn, mi ò mọ èyí tí ǹ bá kọ́kọ́ ṣe. Ó nu ojú, ó dé fìlà rẹ̀, ó na ọwọ́ sí mi.

"Ó yá, bá mi mú ọ̀rá ẹ̀ wá."

Ọmọ ọdún mọ́kànlá tí mo jẹ́ nígbà yẹn ì bá ti fi eyín ya ọ̀rá náà. Èmi tí mo ti dàgbà tó bàbá mi ọjọ́ yẹn báyìí lọ mú un wá, mo sì bá a wé alùpùpù náà dáadáa, títí kan kọ́tìnì léèsì. Kọ́kọ́rọ́ ni mi ò dá padà fún un.