Oògùn Egungun Ìyá Mi

Ìyá mi kò ṣubú. Gbogbo ẹni tó wá kí wa nígbà náà ló ń béèrè ibi tó ti ṣubú, ó sì sú mi láti máa dáhùn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́ tó rẹ sínú omi ni, apẹ̀rẹ̀ tí kò tóbi rárá, ó sì gbọ́ tí nǹkan dún nínú egungun ẹ̀yìn rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn bá tẹ ẹ̀ka igi gbígbẹ mọ́lẹ̀. Ó jókòó jẹ́ẹ́ sí etí odò ní Ìjù-Odò títí aládùúgbò wa kan fi bá a níbẹ̀. Obìnrin náà bi í pé kí ló dé.

Ó ní, "Kò sí nǹkan kan. Mò ń sinmi ni."

Ibẹ̀ lobìnrin náà ti mọ̀ pé nǹkan wà, torí ìyá mi kì í sinmi. Bàbá mi kú kí n tó mọ̀ ọ́n. Púpurù tó ń tà ni ìyá mi fi tọ́ mi: ó ń rẹ ẹ̀gẹ́, ó ń fún un, ó ń mọ ọ́n roboto, ó sì ń yan án lórí ààrò títí ara rẹ̀ yóò fi dúdú. Ohun tó fi rán mi níwèé nìyẹn, òun náà ló sọ mí di ẹni tó ń tẹ̀wé ní ilé iṣẹ́ ìlagi kan ní Òkìtìpupa. Ó ku ọdún díẹ̀ kí ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun wọlé nígbà tí mò ń wí yìí. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, n kò sì tíì lọ́kọ.

Mo kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan ní Àjàgbà tó mọ egungun tò. Bàbá náà fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì pè mí sí ẹ̀yìn ilé.

"Ọmọ mi," ó ní, "bí igi bá wó lu ènìyàn, mo mọ ohun tí mo lè ṣe sí i. Bí ó bá já lórí ọ̀pẹ, mo mọ̀ ọ́n. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Egungun yìí fúnra rẹ̀ ló ti rẹ̀. Gbé ìyá rẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ní ẹ̀rọ tó ń wo inú ara." Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi.

Ìbàdàn la bá a dé. Wọ́n ya fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀, dókítà kan tí kò jù mí lọ lọ́jọ́ orí sì gbé fọ́tò náà sókè sí ojú iná. Ó bi mí pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe. Mo ní ilé ìlagi ni mo wà.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó ní. "Ẹ ti rí pákó tí kòkòrò ti jẹ inú rẹ̀ rí? Tí ẹ bá wò ó lójú, kò sí ohun tó ṣe é. Ẹ wá gbé nǹkan lé e, ó kán. Bí egungun ìyá yín ṣe rí nìyẹn. Ó máa ń ṣe àwọn obìnrin nígbà tí nǹkan oṣù wọn bá ti dáwọ́ dúró. Egungun ẹ̀yìn ìyá yín méjì ló ti rún wọlé."

Ó ní oògùn tuntun kan ti dé tó lè dá kòkòrò náà dúró, kí egungun tó kù má baà bá a lọ. Hóró kan ní àárọ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹnu tó kan ohunkóhun, pẹ̀lú omi ife kan gbáko. Kò gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ jẹun fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ oògùn náà yóò bó o lọ́fun. Gbogbo èyí rọrùn. Iye tí wọ́n ń tà á ni kò rọrùn. Ti oṣù kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo owó oṣù mi tán.

Mo ra ti oṣù àkọ́kọ́. Mo mú ìyá mi kúrò ní Ìjù-Odò wá sí yàrá mi ní Òkìtìpupa, mo sì ń fi oògùn sílẹ̀ fún un ní àárọ̀ kí n tó jáde. Bí oṣù ṣe ń lọ sópin, ó pè mí jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó sì mú ìdì kékeré kan jáde. Hóró oògùn ló kún inú rẹ̀. Márùn-ún péré ló ti lò.

"Dá wọn padà fún àwọn tó tà á fún ọ," ó ní. "N kò fọwọ́ omi kàn wọ́n. Bí o bá fi ẹ̀bẹ̀ kún un, wọ́n á gbà á."

"Ìyá, kí ló dé tí ẹ kò lò ó?"

"Bàtà kan ṣoṣo lo ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Mo ń wo ìdí rẹ̀ bí o bá bọ́ ọ sílẹ̀. O kò rà mìíràn. O kò ra ẹran wọlé láti ọjọ́ tí mo ti dé. Egungun mi ti ṣe iṣẹ́ tí Ọlọ́run rán an. Jẹ́ kó sinmi."

Mo bú sẹ́kún. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n sunkún níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo sun ún. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ tí iná ààrò ti sọ di gbígbẹ nu ojú mi bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé, síbẹ̀ kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Lọ́jọ́ kejì ni mo lọ bá ọ̀gá tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ níbi iṣẹ́ wa. Nítorí pé ayùn máa ń gé àwọn ènìyàn lọ́wọ́ níbẹ̀, ilé iṣẹ́ wa ní àdéhùn pẹ̀lú ilé iṣẹ́ adójútòfò kan ní Àkúrẹ́. Inṣọ́ránsì ni gbogbo wa ń pè é. Àwọn ló ń sanwó ìtọ́jú òṣìṣẹ́, ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀. Mo bi ọ̀gá náà bóyá ẹni tí kò ní ọkọ, tí kò ní ọmọ, lè kọ orúkọ ìyá rẹ̀.

Ó wojú mi. "Ẹnì kankan kò bi mí bẹ́ẹ̀ rí," ó ní. Ó ṣí ìwé àdéhùn, ó ń fi ìka tọ ìlà. "Ó wà níbí o. Ẹnì kan tó gbójú lé òṣìṣẹ́ fún jíjẹ àti mímu."

Mo gbé fọ́ọ̀mù dé ilé tayọ̀tayọ̀, mo sì kà á fún ìyá mi. Ó gbọ́ ọ tán, inú rẹ̀ kò dùn.

"Ta ló gbójú lé ta?"

"Ìyá, ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni."

"Èmi tí mo gbé ọ pọ̀n lọ sódò, tí mo fi orí ru ẹ̀gẹ́, ni mo wá gbójú lé ọ? Kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni ìyá rẹ."

Mo kọ ọ́ síbẹ̀. Nígbà náà ló tó gbà láti tẹ̀ka.

Èsì tó wá láti Àkúrẹ́ kò ju ìlà mẹ́ta lọ. Wọ́n gba orúkọ ìyá mi wọlé, wọ́n á sì máa sanwó ibà àti ti ọgbẹ́. Ní ti oògùn egungun, ọjọ́ ogbó kì í ṣe àìsàn, àwọn kò ní sanwó rẹ̀. Èmi tí mò ń tẹ lẹ́tà fún ọ̀gá mi lójoojúmọ́ mọ ìwé tí wọ́n tẹ̀ láìronú sí i. Mo ní kí ìyá mi múra, ká jọ lọ.

Ó wọ sùtánà funfun tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wa, torí kò ní aṣọ tó níyì lójú rẹ̀ ju ìyẹn lọ. A rọra lọ, a sì ní kí awakọ̀ máa yẹra fún kòtò. Àjà òkè ni ọ́fíìsì náà wà. Ó gba ìyá mi tó ìgbà tí ènìyàn fi ń se ìkòkò iṣu kan kó tó gun àtẹ̀gùn tán.

Obìnrin tí wọ́n ní ká rí ti dàgbà díẹ̀, ó wọ awò ojú, ará Èkìtì ni. Ó ń sọ tirẹ̀, ìyá mi ń fi èdè Ìkálẹ̀ wa fèsì, èmi wà láàárín tí mò ń túmọ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ kò bá ti yé wọn.

"Màámi, ọmọ ọdún mélòó ni yín?"

"N kò mọ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ti kú tán."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó yí sí mi. "Àǹtí, mi ò ro ibi sí yín. Àìsàn la ń sanwó fún. Gbogbo ìyá àgbà ló ń tẹ̀. Ìyá tèmi náà tẹ̀ kó tó kú. Kí ló fi hàn pé nǹkan kan ṣe ìyá yín ju pé wọ́n ti dàgbà?"

Mo fẹ́ nawọ́ sí fọ́tò egungun, ìyá mi ti dìde. Ó fa sùtánà rẹ̀ gùn níwájú, ó ní kí n tú ìṣẹ́tí rẹ̀.

"Ìyá, níbí?"

"Tú u."

Mo kúnlẹ̀, mo fi eyín já òwú. Ìṣẹ́tí kan tú. Mo rí òmíràn lábẹ́ rẹ̀, mo tú ìyẹn náà. Aṣọ náà ṣubú bo ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì tàn kálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì.

"Nígbà tí wọ́n rán an fún mi, kò kan ọrùn ẹsẹ̀ mi," ìyá mi ní. "Wọn kì í jẹ́ kó wọ́ ilẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ọdún márùn-ún sẹ́yìn ni mo ṣẹ́ ẹ nígbà àkọ́kọ́. Mo tún ṣẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kejì lọ́dún tó kọjá. Mo rò pé aṣọ ló ń gùn sí i. Mo ní bóyá bí mo ṣe ń fún un bí mo bá fọ̀ ọ́ tán ló ń fà á."

N kò mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo rẹ̀, tí mò ń lọ wò ó ní gbogbo ìparí oṣù, n kò rí i pé ìyá mi ń kúrú. N kò lè gbójú sókè.

Obìnrin náà bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ìyá tèmi ní kí télọ̀ gé gbogbo kaba òun kúrú," ó ní. "Àwa ọmọ ń fi í ṣe ẹ̀fẹ̀ pé fáàrí àgbà ló ń ṣe."

Kò ṣèlérí pé nǹkan á rí báyìí. Ó kàn mú bébà, ó ṣàlàyé ohun tí dókítà gbọ́dọ̀ kọ: pé egungun ti kán, pé méjì ni, pé oògùn yìí ni kò ní jẹ́ kí ìkẹta kán, nítorí ìtọ́jú egungun ìbàdí tó bá kán yóò ná ilé iṣẹ́ àwọn lówó ju oògùn lọ. "Ẹ má jẹ́ kó kọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ ogbó síbẹ̀ rárá," ó ní. "Ẹ so fọ́tò mọ́ ọn. Ẹ fi ránṣẹ́ sí èmi gan-an, èmi fúnra mi ni màá gbé e lọ bá àwọn tó jù mí lọ." Lẹ́yìn náà ló ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú píìnì ìwé jáde, ó sì kúnlẹ̀ síwájú ìyá mi. Ó ń fi píìnì gbé sùtánà náà sókè yí ká, kó má baà kọ́ ọ lẹ́sẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ìyá mi gbé ọwọ́ lé e lórí, ó sì ṣàdúrà fún un ní Ìkálẹ̀. Wọn kò ní kí n túmọ̀ rẹ̀.

Ó tó oṣù méjì kí èsì tó dé. Wọ́n gbà láti san èyí tó pọ̀ jù nínú owó oògùn náà, fún ọdún kan, wọ́n ní ká tún mú ìwé dókítà wá bí ọdún bá pé. Mo ka lẹ́tà náà fún ìyá mi lẹ́ẹ̀mejì. Ó bèèrè pé ṣé n óò wá lè ra bàtà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó mú ìdì oògùn náà jáde, ó ní, "Ó dáa, gbé omi wá."

Láti ọjọ́ náà ni n kò ti fi oògùn sílẹ̀ fún un mọ́. A jọ ń jí ni. Bí ó bá ti gbé e mì, a ó jáde síta, a ó rọra máa rìn lọ máa rìn bọ̀ níwájú ilé títí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yóò fi pé. Ó ń di apá mi mú. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo fi wà lọ́mọdé, iṣẹ́ ni ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe, ẹnu rẹ̀ kì í ráyè. Ó sọ bí bàbá mi ṣe máa ń kọrin lójú oko, ohùn rẹ̀ kò dára, kò sì mọ̀. Ó sọ ìdí tí kò fi fẹ́ ọkọ mìíràn.

Ọdún mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi san owó náà kí ilé iṣẹ́ wa tó fòpin sí àdéhùn. Dókítà ní kí a má bẹ̀rù, èyí tó ti lò yóò ṣì máa ṣiṣẹ́ nínú egungun rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ẹ̀yìn ìyá mi kò nà mọ́, ṣùgbọ́n kò sí egungun rẹ̀ mìíràn tó kán títí ó fi jáde láyé, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún.

Nígbà tí oògùn tán, mo rò pé yóò máa sùn pẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní, mo jí, mo bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó ti wọ bàtà.

"Ìyá, kò sí oògùn lónìí."

"Mo mọ̀," ó ní, ó sì na apá rẹ̀ sí mi. "N kò tíì sọ ti ọmọ tí mo bí ṣáájú rẹ fún ọ."