Kílò Kan Àbọ̀ Tó Sọnù

Láti ìgbà tí mo ti ń jó irin ní Sángò títí di ààwẹ̀ kan báyìí, mi ò gun alùpùpù tí mo bá tún ṣe rí. Àwọn oníbàárà mi rò pé ìgbéraga ni. Ẹ̀rù ni. Ara ẹni tó bá mọ ibi tí irin ti ń kán kì í yá láti jókòó lé e.

Fírémù niṣẹ́ tèmi. Òun ni egungun alùpùpù, àwọn páìpù irin tí ẹ́ńjìnnì, táyà àti ìjókòó rọ̀ mọ́. Bí fírémù bá kán lórí eré, kò sí bírékì tó lè gba ẹni tó wà lórí rẹ̀. Ìwó ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n Sángò níbí ni mo ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Làmídì, ọmọ Ọ̀yọ́, kí Ọlọ́run kẹ́ wọn. Ọ̀gá kì í fọwọ́ kan fírémù àtijọ́ láì kọ́kọ́ gbé e kọ́ òṣùwọ̀n, irú òṣùwọ̀n oníkọ̀ọ́ tí àwọn tó ń ra irin àlòkù ń lò. Wọ́n á ní, "Irin kì í gbààwẹ̀. Tó o bá rí i tó fúyẹ́, nǹkan kan ló ń jẹ ẹ́." Èmi a rẹ́rìn-ín, mo rò pé àwàdà ni.

Ó ku bí oṣù méjì kí ààwẹ̀ tó wọlé nígbà tí Injiníà Kọ́lá gbé fírémù méjì wá bá mi. Ilé iṣẹ́ kan ní Ọ̀tà ló ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n alùpùpù oko àtijọ́ ló fẹ́ràn, àwọn tó ga, tí táyà wọn léyín gàǹgà-gàǹgà. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń fi wọ́n sáré nínú ẹrẹ̀ lẹ́yìn Ìgbẹsà ní Sátidé. Ìbejì ni fírémù méjèèjì, orúkọ kan náà, ọdún kan náà. Ó ní kí n wọ̀n wọ́n, kí n fi èyí tó bá fúyẹ́ jù ṣe alùpùpù eré, nítorí pé nínú ẹrẹ̀, ẹni tó bá fúyẹ́ ló ń borí. Ọ̀kan jẹ́ kílò mẹ́tàlá. Èkejì jẹ́ mọ́kànlá àbọ̀.

"Bàbá Síkírá, kí ló dé tí ìbejì ò dọ́gba?"

Mo yẹ èyí tó fúyẹ́ wò. Ẹnì kan ti gé àwọn etí kéékèèké ara rẹ̀ kúrò, ibi tí wọ́n ń so ìtẹ̀sẹ̀ ẹ̀yìn mọ́.

"Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ló gé etí rẹ̀ dànù," mo dáhùn, bí ẹni pé mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gé e. "Kò sí nǹkan tó ṣe é."

Mi ò wá irú etí bẹ́ẹ̀ kí n gbé e kọ́ òṣùwọ̀n. Ká ní mo ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ǹ bá ti rí i pé gbogbo wọn pọ̀ kò tó ìlàjì kílò. Mo jó ibi tó yẹ ní jíjó, mo fi pépà ha á, mo kùn ún lọ́dà pupa. Ó wù mí í wò. Mo tún jó èkejì fún un, èyí tí á máa gùn lójú títì.

Ní Sátidé kan nínú ààwẹ̀, mo wà nílé ní Ìjòkó, mo ń wá bẹ́líìtì. Ìyàwó mi wò mí látòkèdélẹ̀.

"Bàbá Síkírá, ààwẹ̀ yìí mà ń jẹ yín o. Ẹ wo bí ṣòkòtò ṣe ń já bọ́ nídìí yín."

Ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ohùn Ọ̀gá Làmídì ni mo gbọ́: irin kì í gbààwẹ̀. Kílò kan àbọ̀ tó sọnù lára fírémù Kọ́lá, ṣé etí lásán lè tó bẹ́ẹ̀? Kọ́lá ti sọ fún mi pé Sátidé yìí gan-an lòun máa kọ́kọ́ fi alùpùpù pupa yẹn sáré.

Mo pè é. Fóònù rẹ̀ kò lọ. Mo tún pè é, nẹ́tíwọ̀kì ò sí nínú igbó yẹn. Èmi tí ara mi kì í yá láti jókòó lé alùpùpù, mo sáré jáde, mo dá ọlọ́kadà dúró, mo ní Ìgbẹsà ni.

A kọjá Sángò, a kọjá Ìjù, tírélà lọ́tùn-ún, tírélà lósì. Ojú mi ò kúrò lára fírémù ọ̀kadà náà. Mo rí ibi tí ẹnì kan ti jó o ní ìjókújó lábẹ́ ìjókòó, mo sì rọ̀ mọ́ ọlọ́kadà.

"Àlàájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dẹwọ́ díẹ̀. Ìhà mi lẹ fún pọ̀ yẹn, kì í ṣe àpò sìmẹ́ǹtì."

Gbogbo àdúà tí mo mọ̀ ni mo kà. Láàárín àdúà, mò ń ro ohun tí mo máa wí fún ìyàwó Kọ́lá.

Nígbà tí a débẹ̀, ó wà lórí alùpùpù pupa, akoto lórí, ó kọjú sí òkè tí wọ́n ń fò. Mo lọ dúró níwájú táyà rẹ̀.

"Injiníà, ẹ sọ̀ kalẹ̀."

"Bàbá Síkírá? Ṣé àlàáfíà ni?"

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀ ná."

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín. Ojú tì í, inú sì bí i. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kò sí nǹkan tó ṣe é."

"Irọ́ ni mo pa. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé irọ́ ni."

Ó sọ̀ kalẹ̀. A dá alùpùpù náà dùbúlẹ̀. Mo fi sípánà kan páìpù òkè, ó dún gooro. Mo kan ti ìsàlẹ̀, èyí tó gbé ẹ́ńjìnnì dání, ó dún pẹ̀kẹ̀ bí agolo. Mo fi ẹnu sukudiráfà tì í, mi ò lo agbára. Ó wọlé. Ìpẹtà dà jáde bí èlùbọ́ nínú àpò tó ya. Omi ti jókòó sínú páìpù yẹn fún ọdún gbọọrọ, ó ti jẹ ẹ́ ku èèpo, èmi sì fi ọ̀dà bò ó.

Ẹ̀rín ti dá. Kọ́lá bọ́ akoto rẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti fi í fò láàárọ̀ yìí."

Ó jókòó sílẹ̀. Èmi náà jókòó tì í.

Wọ́n gbé èyí tó jẹrà sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àyè wà níwájú fún mi, mo sì ti fẹ́ wọlé nígbà tí Kọ́lá nawọ́ sí alùpùpù kejì, oníkílò mẹ́tàlá, tó gùn wá láti ilé.

"Ẹ̀yin náà lẹ jó èyí, àbí?"

"Èmi ni."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

Mo kúnlẹ̀, mo fi sípánà kan gbogbo páìpù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fetí sí i. Gbogbo wọn dún gooro.

"Ó dá mi lójú."

"Ó yá, ẹ gun ẹ̀yìn mi."

Láti Ìgbẹsà dé Sángò, bóyá ni mo la ojú lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n a délé.

Láti ọjọ́ náà, fírémù kan ò kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù mi tí mi ò wọ̀n ọ́n, tí mi ò sì fúnra mi gun alùpùpù rẹ̀ dé ìkóríta kí n tó gbé e fún ẹni tó ni ín. Àwọn aládùúgbò máa ń jáde wá wò mí, nítorí bí mo ṣe ń gbọ̀n lórí ìjókòó, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Bí Kọ́lá bá wà níbẹ̀, òun náà á máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tiẹ̀ ló máa ń dùn mọ́ mi jù.